Ọwọ́ Tó Ra Aṣọ: Ìtàn Ìlànà Aṣọ, Àmì Ẹ̀yẹ àti Ìṣàkóso Nínú Ẹgbẹ́ Sea Cadet ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Sea Cadet Corps ni orúkọ ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọmọ ọdún 10 títí dé 18, ti ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti ìwà ọmọlúàbí ní ìlànà àwọn ọmọ ogun ojú omi, láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn jẹ́ ọmọ ogun. Apá tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ìtàn ẹgbẹ́ náà rọ̀ mọ́, nítorí pé ọmọ tó wọ aṣọ atukọ̀, tó dé fìlà atukọ̀, tó sì ń kí ọ̀gá rẹ̀ bí ológun, ṣòro láti dá yàtọ̀ sí ológun gidi lójú ẹni tó ń kọjá lọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ẹni tó bá sì ti rí bí aṣọ ẹbí ṣe ń pààlà sáàárín ará ilé àti àlejò lóde ìnáwó kò ní bú sẹ́rìn-ín nígbà tó bá rí i pé ìwé ìlànà ẹgbẹ́ yìí kún fún ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì, ríbọ́ọ̀nù àti àmì apá. Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sọ jáde ni pé ọwọ́ tó bá ra aṣọ ló máa ń ní àṣẹ lórí ẹni tó wọ̀ ọ́, àti pé bí ọwọ́ náà ti ń yí padà láti ìran dé ìran ni ìṣàkóso ẹgbẹ́ náà ń yí padà tẹ̀lé e.

Àṣà fífi aṣọ fa ọmọdé sí ojú omi dàgbà ju ẹgbẹ́ náà lọ. Ní ọdún 1756, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ogun tí a ń pè ní Ogun Ọdún Méje, oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Jonas Hanway, ẹni tí ìtàn tún ń rántí pé ó wà lára àwọn ọkùnrin àkọ́kọ́ tó ń ṣí agboòrùn kiri ìgboro ìlú náà láìka yẹ̀yẹ́ àwọn ènìyàn sí, kó àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì dá Marine Society sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ṣe ni kí wọ́n ṣa àwọn ọmọ tálákà àti àwọn àgbà tí kò rí iṣẹ́ ṣe jọ, kí wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ tuntun, kí wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ ogun ọba. Àánú nìkan kọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Àkísà tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ wọ ọkọ̀ ni iná ara ń bá wọlé, ibẹ̀ sì ni ibà tí ń pa àwọn atukọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ti ń tàn kálẹ̀, nítorí náà aṣọ mímọ́ jẹ́ oògùn kí ó tó di ọ̀ṣọ́. Nígbà tí ogun náà fi parí ní ọdún 1763, àwọn ọmọ àti àgbàlagbà tí Marine Society ti wọ̀ láṣọ ti ju 10,000 lọ.

Ìlú etíkun Whitstable ní agbègbè Kent ni ẹgbẹ́ Sea Cadet ń ka ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ sí, ní ọdún 1856. Bí ẹgbẹ́ náà ti ń pìtàn ara rẹ̀, àwọn atukọ̀ tó ti ogun Crimea dé ni wọ́n rí àwọn ọmọ òrukàn tí ogun náà sọ di aláìníbaba ní àwọn ìlú èbúté, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ sínú ohun tí wọ́n pè ní Naval Lads' Brigade, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọkùnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ atukọ̀. Kò sí olórí kan ṣoṣo lórí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, kò sí àpò owó kan tí gbogbo wọn ń ná, ohun tí ẹni rere tó wà ní àdúgbò bá sì rí ni wọ́n ń fi wọ ọmọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀bùn tí Ọbabìnrin Victoria ta ẹgbẹ́ ìlú Windsor lọ́rẹ ní ọdún 1899 fi gba àyè ńlá nínú ìtàn wọn: pọ́n-ùn 10 ni, fún ríra aṣọ. Windsor kò sí létí òkun rárá, odò Thames ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ààfin wà níbẹ̀, ẹ̀bùn ààfin, bó ti wù kí ó kéré tó, sì ń sọ fún gbogbo ìlú pé ọba ti rí àwọn ọmọ náà nínú aṣọ wọn, kò sì bínú.

Ó yẹ kí a fi èyí wé Boys' Brigade, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ní Èkó àti Ìbàdàn mọ̀ dáadáa nítorí ìlù àti ìtò rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tí William Smith dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní Glasgow ní ọdún 1883, fìlà, bẹ́líìtì àti àpò àgbékọ́rùn nìkan ni àwọn ọmọ ń wọ̀ lé aṣọ tí wọ́n gbé wá láti ilé, kí owó má baà ti ọmọ tálákà sẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ atukọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé aṣọ atukọ̀ odindi ni, kò ṣeé gé sí méjì.

Aṣọ atukọ̀ náà kò sì dàgbà tó bí àwọn ènìyàn ti rò. Láti ọdún 1748 ni Admiralty, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń darí àwọn ọmọ ogun ojú omi nígbà náà, ti fi ìlànà lélẹ̀ lórí aṣọ àwọn ọ̀gá, ṣùgbọ́n ọdún 1857 ni wọ́n tó ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fún àwọn atukọ̀ lásán, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ ọmọdé ìlú Whitstable fi ọdún kan ju aṣọ ìjọba tí wọ́n ń fara wé lọ. Kódà, ọdún 1846 ni ayàwòrán Winterhalter ti ya àwòrán ọmọ Victoria, Albert Edward, nínú aṣọ atukọ̀ funfun, aṣọ náà sì ti di ọ̀ṣọ́ ọmọdé nílé àwọn ọlọ́rọ̀ kí ìjọba tó sọ ọ́ di dandan fún àwọn àgbàlagbà tó ni ín. Ọ̀pọ̀ kádẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ló ti gbọ́ pé ìlà funfun mẹ́ta tó yí kọ́là náà ká dúró fún ìṣẹ́gun mẹ́ta tí Nelson, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́, nínú ogun Nile lọ́dún 1798, ní Copenhagen lọ́dún 1801 àti ní Trafalgar lọ́dún 1805, àti pé aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀ ni gèlè ṣẹ́dà dúdú tí wọ́n ń so mọ́rùn. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn atukọ̀ ti ń so ṣẹ́dà dúdú mọ́rùn kí Nelson tó kú, kò sì sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ní Admiralty ronú kan an nígbà tí wọ́n ń ka iye ìlà kọ́là.

Ọwọ́ kejì tó ra aṣọ ni ti Navy League, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1895 láti máa rọ ìjọba àti aráàlú pé kí wọ́n má fi agbára ojú omi ṣeré. Ní ọdún 1910 ni Navy League bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó lórí díẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọkùnrin tó dá dúró. Ní ọdún 1914, nígbà tí wọ́n ti di 34, ó bẹ Admiralty pé kí ó fọwọ́ sí wọn, ọdún 1919 sì ni ìfọwọ́sí náà tó dé, lábẹ́ orúkọ Navy League Sea Cadet Corps. Kò dé lọ́fẹ̀ẹ́: Admiralty ní kí ọ̀gá kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi máa ṣe àyẹ̀wò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, kí ó wo bí wọ́n ti múra, bí wọ́n ti ń tò àti ohun tí wọ́n mọ̀. Nínú gbogbo ìlànà ìṣàkóso ẹgbẹ́ yìí, àyẹ̀wò ọdọọdún ni èyí tó lágbára jù lọ, nítorí pé òun ló sọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí ń ṣe tinú ara rẹ̀ di ẹ̀ka tí ń jíhìn fún ẹnì kan.

Títí di ìgbà yẹn, ìjọba ń wò, kò tíì ń sanwó. Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́rọ̀ tó ń ṣe mọ́tò, Lord Nuffield, ló fi pọ́n-ùn 50,000 ta ẹgbẹ́ náà lọ́rẹ ní ọdún 1937, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939, ẹ̀ka ti tó nǹkan bí 100, àwọn kádẹ́ẹ̀tì sì sún mọ́ 10,000. Ogun náà ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní ọdún 1942 ni Admiralty gba ẹ̀kọ́ àwọn kádẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ ara rẹ̀, Ọba George Kẹfà di Ádímírà ẹgbẹ́ náà, àwọn ẹ̀ka pọ̀ di 400, àwọn ọmọ sì tó 50,000. Láti oṣù kẹfà ọdún 1941 ni ìjọba ti ń fi káàdì díwọ̀n aṣọ tí aráàlú lè rà, nítorí náà ìyá tó rí ọmọ rẹ̀ tó wọlé dé pẹ̀lú aṣọ tuntun láti orí dé ẹsẹ̀ mọ iye tí ohun náà tó. Bí wọ́n ṣe pín ìnáwó náà hàn kedere: Admiralty ń san owó aṣọ, ohun èlò, ìrìn àjò àti ẹ̀kọ́, Navy League sì ń wá owó ilé ìpàdé àti eré ìdárayá. Ìyẹn ni pé ohun tó ń hàn lára ọmọ di ti ìjọba, òrùlé orí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò.

Láti ibi ìpín yìí ni ìṣàkóso olórí méjì ti wá, èyí tó ṣì wà títí dòní. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní ọkọ̀ ẹ̀kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbọ̀ngàn kan ní ìlú tí kò rí òkun ló lè jẹ́, ẹni tó bá sì wọlé ni a ó sọ pé ó wọ ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ yìí, ọ̀gá kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ló ń darí ẹ̀kọ́ àti ìwà àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí kò wọ aṣọ kankan ló ń wá owó iná, owó omi àti owó àtúnṣe òrùlé. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá ní ìlà wúrà lápá kí ó má sì ní ẹ̀tọ́ láti ra gíláàsì fèrèsé kan láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀.

Ìlà wúrà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní àkókò ogun, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ Sea Cadet gba oyè lábẹ́ Royal Naval Volunteer Reserve, ẹgbẹ́ àwọn tó ní iṣẹ́ òòjọ́ tiwọn ṣùgbọ́n tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ojú omi láti ọdún 1903. Ìlà tí àwọn yẹn ń rán mọ́ ọwọ́ ẹ̀wù wọn ń wọ́ bí ìgbì omi, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé kì í ṣe àwọn tó fi ojú omi ṣe iṣẹ́ jẹun, tí ìlà tiwọn gún régé. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi ìlà onígbì náà sílẹ̀, ní ọdún 1958 sì ni Royal Naval Volunteer Reserve fúnra rẹ̀ wọnú Royal Naval Reserve. Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá Sea Cadet di ìlà onígbì mú. Àmì tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi sọ ènìyàn di igbákejì ti di ohun ìní tí a fi ń yangàn.

Lórí àwọn ọmọ, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò. Ipò wọn ń gòkè láti orí kádẹ́ẹ̀tì lásán dé Leading Cadet, tó ń gbé àmì ìdákọ̀ró kan sápá, àti Petty Officer Cadet, tó ń gbé ìdákọ̀ró méjì tí a fi dábùú ara wọn. Àmì atukọ̀ gidi ni àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà Cadet kò fi orúkọ oyè kankan sílẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ náà ló sì máa ń wà lára ríbọ́ọ̀nù fìlà, níbi tí orúkọ ọkọ̀ ogun máa ń wà lórí fìlà atukọ̀. Fún ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, yálà títu ọkọ̀ ni tàbí fífi àmì ránṣẹ́, àmì kan wà tí a ń rán mọ́ apá, ẹni tó bá sì kópa nínú ètò àmì ẹ̀yẹ tí Duke of Edinburgh dá sílẹ̀ ní ọdún 1956 lè gba ti idẹ, ti fàdákà tàbí ti wúrà. Oyè tó ga jù ni ti kádẹ́ẹ̀tì First Sea Lord, ìyẹn olórí pátápátá àwọn ọmọ ogun ojú omi, tí a ń yàn láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Mẹ́dà àkókò ìsìn, Cadet Forces Medal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1950, kì í ṣe ti àwọn ọmọ: àwọn àgbàlagbà tó bá sin kádẹ́ẹ̀tì fún ọdún 12 ló ni ín, àwọ̀ ẹ̀ka ológun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lórí ríbọ́ọ̀nù rẹ̀.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Navy League ti ibẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ọdún 1958, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì fi òfin gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1962; àwọn ọmọ ń wọ aṣọ ọmọ ogun ojú omi pẹ̀lú àmì tó fi hàn pé Sea Cadet ni wọ́n. Àwọn ọmọ fúnra wọn ń gbé ríbọ́ọ̀nù sáyà níbẹ̀, ohun tí ojú àgbà atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní tètè gbà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ogun Àgbáyé Kejì parí, ìjọba kò sì fẹ́ kí ìnáwó rẹ̀ lórí ẹgbẹ́ náà máa lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1947, Admiralty gbà láti máa ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ nìṣó, ṣùgbọ́n ó fi òté lé e pé àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ ju 22,000 lọ. Láti ọdún 1942 ni ẹgbẹ́ ọmọbìnrin kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọmọkùnrin, nígbà tó sì di 1963, wọ́n so wọ́n mọ́ ẹgbẹ́ Sea Cadet láì sọ wọ́n di ọ̀kan. Wọ́n lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ nínú gbọ̀ngàn kan náà, wọn kò sí nínú ìwé orúkọ kan náà, títí di oṣù kẹta ọdún 1980 tí ilé iṣẹ́ ètò ààbò fi gbà kí wọ́n wọlé. Navy League ti yí orúkọ padà di Sea Cadet Association ní ọdún 1976, ní ọdún 2004 sì ni ó para pọ̀ mọ́ Marine Society, ẹgbẹ́ Hanway tó kọ́kọ́ wọ ọmọ tálákà láṣọ. Lónìí, a kì í ta aṣọ náà fún kádẹ́ẹ̀tì. A máa ń yá a lọ́fẹ̀ẹ́ ni, nígbà tó bá sì ń fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá a padà.