Ọ̀pẹ Òyìnbó Tí Kò Lẹ́gùn-ún: Bó Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa, àti Ohun Tí Ojú Àwọn Àgbẹ̀ Rí Lórí Ẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ èso tí kò lẹ́gùn-ún la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń dáko sẹ́yìn ilé, ẹ ti máa rí èso dúdú kan tó ṣù jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n ń pè ní blackberry. Kì í ṣe fóònù ìjọ́sí o. Ẹ̀gún pọ̀ lára ìtàkùn ẹ̀, ó sì máa ń ya ọwọ́ ẹni tó bá ń ká a. Ní 1926, wọ́n rí ọ̀kan tí kò lẹ́gùn-ún ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ awọ ara ẹ̀ nìkan ni kò lẹ́gùn-ún, inú ẹ̀ ṣì jẹ́ ẹlẹ́gùn-ún. Ẹni tó bá gé gbòǹgbò ẹ̀ gbìn, ẹlẹ́gùn-ún ló máa hù fún un. Ó di 1966 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó gbé méjì jáde, Thornfree àti Smoothstem, tí ẹ̀gún ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ṣé a lè gbìn ín ní Agboyi? Ká má tan ara wa jẹ. Blackberry fẹ́ òtútù. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀ kì í so dáadáa àfi tí òtútù bíi ti inú fìríìjì bá mú un fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ́dún. Ọyẹ́ Èkó ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọmọ blackberry fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹ máa kó èso tà.

Àmọ́ àwa náà ní èso tiwa tí ẹ̀gún ti kúrò lára ẹ̀. Ojoojúmọ́ là ń rí i lọ́jà, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ ìtàn ẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó ni. Ìtàn ẹ̀ lówó nínú, ó sì ní ẹkún nínú. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ, torí ó kan ohun tí ẹ máa gbìn lọ́dún yìí.

IBI TÓ TI ṢẸ̀

Orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ ti sọ ìdajì ìtàn náà: ewé ẹ̀ jọ ti ọmọ ọ̀pẹ, ọwọ́ òyìnbó ló sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n òyìnbó fúnra ẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíì ló ti gbà á. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé ẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ló mú un láti inú igbó, tí wọ́n sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, kí òyìnbó kankan tó débẹ̀. Columbus bá a ní erékùṣù Guadeloupe ní oṣù kọkànlá ọdún 1493. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó pé lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ti gbé e dé Áfíríkà àti Íńdíà. Àwọn aládùúgbò wa ní Bẹ̀nẹ̀ ń pè é ní ananas bíi ti Faransé. Orúkọ àwọn ọmọ onílẹ̀ Brazil nìyẹn tẹ́lẹ̀, Faransé náà yá a lò ni.

Púpọ̀ nínú èyí tó kọ́kọ́ tàn kálẹ̀, ẹlẹ́gùn-ún ni. Etí ewé ẹ̀ dà bí ayùn. Ẹni tó bá ti wọ àárín ẹ̀ lọ ro ilẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ.

ÈYÍ TÍ EWÉ Ẹ̀ Ń DÁN

Ní nǹkan bí ọdún 1820, ọmọ Switzerland kan tó máa ń ṣa oríṣiríṣi ewéko jọ, Samuel Perrottet, bá irú kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Guyana ti Faransé. Etí ewé èyí ń dán. Cayenne ni olú ìlú ibẹ̀, orúkọ tí gbogbo ayé sì wá fi mọ èso náà ni Smooth Cayenne, ìyẹn Cayenne tó ń dán. Wọ́n kó ìwọ̀nba ọmọ ẹ̀ lọ sí Faransé, ọgbà ọba ní Versailles ni wọ́n ti tọ́jú ẹ̀. Láti inú ilé gíláàsì àwọn òyìnbó yẹn ló ti tàn dé Australia, Jàmáíkà, Florida àti Hawaii.

Ẹ fọkàn sí ibí yìí. Perrottet kọ́ ló yọ ẹ̀gún ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, tí ìwé ò kọ orúkọ wọn, ló rí èyí tí kò gún wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń gbin ọmọ ẹ̀ kiri. Ọ̀pẹ òyìnbó tí à ń jẹ kì í sábà ní kóró. Ọmọ tó yọ lára ìyá àti adé orí èso la fi ń gbìn ín, bí ìyá bá sì ṣe rí lọmọ máa ń rí. Ojú àgbẹ̀ tó ń wo oko ẹ̀ dáadáa ló bí Smooth Cayenne.

Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á ṣàdédé yọ ẹ̀gún láàárín àwọn tó ń dán. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í mú ọmọ lára irú ẹ̀, ńṣe ló máa ń fà á tu. Ẹ tún mọ̀ pé kì í ṣe pé kò lẹ́gùn-ún rárá: díẹ̀ máa ń wà ní ṣóńṣó ewé.

BÓ ṢE DI OWÓ

John Kidwell ló kó Smooth Cayenne dé Hawaii ní nǹkan bí 1886. Ní 1901, James Dole dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń gé ọ̀pẹ òyìnbó sínú agolo. Ní 1911, ẹlẹ́rọ ẹ̀ tó ń jẹ́ Henry Ginaca ṣe ẹ̀rọ tó ń bó èèpo tó sì ń yọ ọ̀pá inú ẹ̀ kíákíá. Smooth Cayenne bá iṣẹ́ yìí mu. Èso ẹ̀ tóbi, ó gún gbọọrọ bí agolo, ẹ̀rọ gbà á. Ewé ẹ̀ ò ya òṣìṣẹ́ lára, torí náà wọ́n lè gbìn ín kó sún mọ́ra, kí wọ́n sì ráyè wọlé ro ó, kí wọ́n ráyè kórè ẹ̀.

Àmọ́ àìlẹ́gùn-ún ò ní kí àrùn má mú un. Kòkòrò funfun kan wà tó dà bí ìyẹ̀fun, tí èèrà máa ń gbé kiri láti ìdí kan sí òmíràn. Ó máa ń mú kí ewé ẹ̀ pọ́n kó sì rọ, ó sì da oko Hawaii láàmú gan-an. Smooth Cayenne ò lágbára sí i rárá.

Ọgbọ́n míì tún wà tí ẹ̀yin àgbẹ̀ ń lò títí dòní, erékùṣù Azores ti àwọn Potogí la ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Inú ilé gíláàsì ni wọ́n ń gbin ọ̀pẹ òyìnbó sí níbẹ̀. Ní 1874, èéfín wọ inú ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀pẹ òyìnbó inú ẹ̀ yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi èéfín mú un so. Ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí omi kábáàdì tí wọ́n ń dà sí àárín ewé kí gbogbo oko lè so pa pọ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ GÁNÀ

Ẹ̀yin ará mi, ibí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní àwọn ọdún 1980, Côte d'Ivoire ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀pẹ òyìnbó tútù tí Yúróòpù ń jẹ. Smooth Cayenne ni. Gánà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fún Yúróòpù, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké náà sì wọ̀ ọ́, torí owó wà níbẹ̀.

Ní 1996, Del Monte gbé irú tuntun kan jáde láti Costa Rica, orúkọ ẹ̀ ni MD2. Hawaii ni wọ́n ti ṣe ìwádìí ẹ̀. Ó dùn ju Smooth Cayenne lọ, ara ẹ̀ pọ́n bíi wúrà, ó sì máa ń pẹ́ lórí àtẹ kó tó bà jẹ́. Nígbà tó fi máa di 2004 sí 2005, àwọn oníbàárà Yúróòpù ti ń sọ pé MD2 làwọn fẹ́. Àgbẹ̀ Gánà tó ti gbin Smooth Cayenne kún ilẹ̀ kò wá rẹ́ni rà á. Èso pọ́n sóko, ó rà sóko.

Ọ̀pẹ òyìnbó kì í ṣe ẹ̀fọ́ tètè tẹ́ ẹ lè fà tu lónìí kí ẹ gbin òmíì lọ́la. Ó ń gbà ju ọdún kan lọ kó tó so. Ọmọ MD2 sì wọ́n, àgbẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ ò lè rà á. Gánà tó kó nǹkan bí 71,000 tọ́ọ̀nù jáde ní 2004, kó tó di òpin 2008 ó ti já sí nǹkan bí ìdajì.

Kò sí ọ̀dá níbẹ̀ o. Kò sí kòkòrò tó jẹ oko. Bí èso náà ṣe dùn tẹ́lẹ̀ ló ṣe dùn. Ẹni tó ń rà á ló yíjú padà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè: ohun tó ṣe ará Gánà yẹn lè ṣe ẹnikẹ́ni tó bá gbin irú kan ṣoṣo fún oníbàárà kan ṣoṣo.

BẸ̀NẸ̀ ÀTI ILÉ WA NÍBÍ

Ní Bẹ̀nẹ̀, ilẹ̀ Allada ni wọ́n ti ń gbìn ín jù. Oríṣi méjì ni wọ́n ní: Smooth Cayenne àti èyí tí wọ́n ń pè ní Pain de Sucre. Pain de Sucre lè pọ́n nínú, kó dùn bí oyin, kí ara ẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ti Smooth Cayenne tí wọ́n ń kó lọ Yúróòpù ni wọ́n ń fi oògùn pọ́n lára, torí oníbàárà ibẹ̀ fẹ́ èyí tó pọ́n lójú. Oògùn yẹn wá pọ̀ jù lára èso. Ní oṣù kejìlá 2016, Bẹ̀nẹ̀ fúnra ẹ̀ dá a dúró pé kí wọ́n má kó o lọ Yúróòpù mọ́, ó di ọdún tó tẹ̀ lé e kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Pain de Sucre tí kò wu àwọn yẹn lójú, òun ló wá gba ìwé ẹ̀rí ní 2021 pé ti ilẹ̀ Allada ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi orúkọ yẹn ta tibòmíì. Àwa ní Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ń rà lọ́wọ́ Bẹ̀nẹ̀ jù.

Nílé wa níbí, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbìyànjú ní àwọn ọdún 1950 pẹ̀lú Lafia Canning Factory ní Ìbàdàn, tó ń ṣe èso sínú agolo. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ dá NIHORT sílẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà láti máa ṣe ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń gbin ọ̀pẹ òyìnbó jù ní Áfíríkà, àmọ́ àwa fúnra wa là ń jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe Gánà ò fi bá wa bẹ́ẹ̀. Oníbàárà wa wà ní Kétu, kò sí ní òkè òkun.

TI ẸNI TÓ FẸ́ GBÌN ÍN SẸ́YÌN ILÉ NÍ AGBOYI

Ilẹ̀ omi ni Agboyi, gbogbo wa la mọ̀. Odò Ògùn ń ṣàn wá látòkè, bí wọ́n bá sì ti ṣí omi Dáàmù Ọ̀yán tó wà lápá Abẹ́òkúta láti 1983, omi lè wọ ọgbà. Ọ̀pẹ òyìnbó lè fara da oòrùn, àmọ́ gbòǹgbò ẹ̀ máa ń jẹrà tí omi bá dúró sí ìdí ẹ̀. Nítorí náà:

1. Ẹ kọ ebè tó ga dé orúnkún, tàbí kí ẹ gbìn ín sínú àpò àti bọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹ ti lu ihò sí nídìí. Tí omi bá ń bọ̀, ẹ lè gbé e kúrò.

2. Ẹ mú ọmọ lára ìyá tí ẹ ti jẹ èso ẹ̀ wò. Ẹ fi ìka ra etí ewé ẹ̀, tó bá ń gún yín, kì í ṣe Smooth Cayenne, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

3. Ọmọ ara ìyá máa ń so ní nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀. Adé orí èso lè tó ọdún méjì. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí ẹ sá a sábẹ́ ibòji fún ọjọ́ mélòó kan kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ẹ tó gbìn ín.

4. Ẹ máa wo ìdí ewé. Tí ẹ bá rí èèrà tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ wá kòkòrò funfun. Ẹ má mú ọmọ lára èyí tó ti ṣàìsàn.

5. Ẹni tó bá fẹ́ lo kábáàdì láti fi mú un yọ òdòdó, kó dúró kó gbó dáadáa ná, kó sì jìnnà sí iná, torí gáàsì tó ń jáde lára ẹ̀ ń gbiná. Fífi kábáàdì pọ́n èso tí wọ́n ti já, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa pé ó léwu fún ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jọ̀ọ́.

6. Ẹ má gbin irú kan ṣoṣo. Kí èyí tó ń dán wà níbi tí àwọn ọmọdé ń gbà kọjá. Tí ẹ bá rí irú míì tó dùn, àní kó lẹ́gùn-ún, ẹ fún un láyè létí ọgbà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò ní ti ẹ̀yìn ilé kó lọ yá ilẹ̀ gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń gé e tà, àwọn tó ń fún omi ẹ̀, àti àwọn ìyá ọlọ́jà Kétu, kó bi wọ́n léèrè irú èyí tí wọ́n ń wá àti oṣù tó máa ń wọ́n. Àìlẹ́gùn-ún ń gba ọwọ́ àgbẹ̀ là, ṣùgbọ́n kì í bá a wá oníbàárà.

Irú wo ló wà lóko yín báyìí? Ẹ ya fọ́tò etí ewé ẹ̀, kí ẹ sọ iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ yín, káwọn ẹlòmíì lè rí i kọ́gbọ́n. Èrè oko á pọ̀ o.