Ọ̀nà Tí Iná Ń Gbà Dé Ọ̀dọ̀ Ẹ̀tù: Ìtàn Ìbọn Ọdẹ

Láti orí ṣakabùlà títí dé ẹlẹ́nu méjì òde òní, ohun tó ya ìbọn ọdẹ kan sọ́tọ̀ sí èkejì jù lọ ni ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ orúkọ ìbọn ti wá.

Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ po ẹ̀tù. Ó ti wà nínú ìwé ogun wọn kan ní 1044. Nígbà tó fi di ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ìbọn àwọn ará Yúróòpù ti ní okùn tí ń jó lára. Bí ọdẹ bá fi ìka fa irin ìyìnbọn, okùn náà á tẹ̀ sínú àwo kékeré tí ẹ̀tù díẹ̀ wà, iná á sì gba ihò tín-ín-rín wọ inú ọ̀pá ìbọn. Òjò díẹ̀ tó láti ba iṣẹ́ jẹ́, òórùn okùn tó ń jó sì lè lé ẹran lọ.

Ní nǹkan bí 1610, Marin le Bourgeoys ará Faransé fi òkúta ìṣáná rọ́pò okùn: òkúta á lu irin, ìtapárá iná á bọ́ sínú àwo. Irú ìbọn yìí ni àwọn oníṣòwò òyìnbó kó dé etíkun wa. Nítorí pé àwọn ará Denmark wà nínú wọn ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é ní ìbọn àwọn ará Denmark, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Birmingham ni wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àwa ń pè é ní ṣakabùlà. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe, wọ́n sì ń rọ tiwọn.

Ọdẹ ẹyẹ kan ló tún ọ̀rọ̀ náà yí padà. Alexander Forsyth, àlùfáà ìjọ ní Belhelvie ní Scotland, fẹ́ràn àtimáa yìnbọn sí pẹ́pẹ́yẹ omi. Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn ẹyẹ ń rí iná inú àwo kí ọta tó dé, wọ́n á sì ti rì sómi. Ó wá lo kẹ́míkà tí ń gbiná bí a bá lù ú, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n náà ní 1807. Àwọn ẹlòmíràn fi kẹ́míkà náà sínú fìlà bàbà kékeré láìpẹ́ sígbà náà, ìyẹn ni ìbọn onífìlà. Mo gbà pé nínú gbogbo àtúnṣe, èyí ló ran ọdẹ lọ́wọ́ jù.

Ní 1835, Casimir Lefaucheux ní Paris ṣe ìbọn tí ń ṣẹ́ ní ìdí. Ẹ̀tù, ọta àti ohun tí ń dáná wà pọ̀ nínú kàtíríìjì kan.

Ìbọn tí à ń ti ìdí kì dé ojú ogun Kírìjì láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ (1877 sí 1893). Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ti ẹnu ki ṣakabùlà. Ẹni tó ń ti ẹnu ki ìbọn gbọ́dọ̀ dúró da ẹ̀tù kí ó sì fi ọ̀pá gún un. Ẹni tó ń ti ìdí ki ìbọn lè dojú bolẹ̀ kí ó máa yìn ín lọ. Ìró ohun ìjà ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ.

Nọ́ḿbà ara ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ló ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Bí wọ́n bá ní ìbọn jẹ́ 12, ẹ fojú inú wo òjé pọ́ùn kan tí wọ́n pín sí ọta róbótó 12 tó dọ́gba: fífẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ni fífẹ̀ ihò ìbọn náà, nǹkan bíi mìlímítà 18.5. Ìdí nìyí tí 20 fi kéré sí 12. Ti .410 yàtọ̀, fífẹ̀ ihò rẹ̀ ní íǹṣì ni wọ́n kọ. Inú ihò ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ń dán. Ti ráífù ní ilà tó lọ́ yípo, kí ọta ẹyọ kan lè máa pòyì kó sì lọ tààrà.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kó ṣakabùlà, oní-òkúta-ìṣáná àti onífìlà sí abẹ́ ìsọ̀rí kan náà: ìbọn tí à ń ti ẹnu kì. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ àti ráífù ọdẹ wà ní ìsọ̀rí mìíràn. Ìwé àṣẹ pọndandan fún ìsọ̀rí méjèèjì.