Ta Ló Yọ̀ǹda Rẹ? Èkó, oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973

Ọmọbìnrin kan láti Èrúwà, tó ń gbé lókè òkun, fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti gbà á pé kó wá ṣe ìrànlọ́wọ́ níbi ìdíje eré ìdárayá àgbáyé kan. Ó máa wọ aṣọ wọn, ó máa júwe ọ̀nà fún àlejò, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀ fún un. Ó fi ayọ̀ pe ìyá rẹ̀ láti sọ fún un. Ìyá ní, "Èló ni wọ́n máa san?" Ọmọ ní wọn ò ní san nǹkan kan. Ìyá ní, "Ta ló wá fi ọ́ ṣe ìwọ̀fà?" Ìdí nìyí tí ọmọ náà fi bi mí pé kí ni òun ó máa pe iṣẹ́ yìí ní Yorùbá tí yóò fi yé ìyá òun.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi.

Ìdáhùn inú ìwé kò ṣòro. Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni àwọn oníròyìn ń lò. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó fínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò. Yọ̀ǹda máa ń fẹ́ nǹkan mẹ́ta: ẹni tó ń yọ̀ǹda, ohun tó ń yọ̀ǹda, àti ibi tó ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún. Mọ̀lẹ́bí yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá yọ̀ǹda ọmọṣẹ́ fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tí kò ni nǹkan kò lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ kò lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti olówó rẹ̀. Tí ọ̀dọ́ kan bá wá ní òun yọ̀ǹda ara òun, ṣé òun nìkan ló ni ara náà?

Kì í ṣe inú kíláàsì ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ìbéèrè yìí. Iwájú ilé bàbá mi ní Ìgbò-Ọrà ni, nígbà tí mo ti Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà bọ̀ láti Èkó ní oṣù kìn-ín-ní 1973.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìdíje náà ṣe dé Èkó. Brazzaville ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní oṣù keje 1965. Bàmákò, olú-ìlú Mali, ló yẹ kó gba èkejì ní 1969, ṣùgbọ́n àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Modibo Keïta ní oṣù kọkànlá 1968, ètò náà sì forí ṣánpọ́n. Nàìjíríà ní òun á gbà á. Wọ́n dá a sí 1971, wọ́n tún sún un sí 1973. Wọ́n kọ́ pápá ìṣeré tuntun sí Sùúrùlérè, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ṣí ìdíje náà níbẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní. Ọjọ́ 18 ló parí.

Ẹ rántí irú orílẹ̀-èdè tí a jẹ́ nígbà yẹn. Oṣù kìn-ín-ní 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ọdún mẹ́ta péré ni. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, a fi ọwọ́ òsì títì sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Ní oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, awakọ̀ ṣì wà tó máa ń gbàgbé tó bá dé oríta. Èyí tó wá le jù fún àwa tí wọ́n ní ká ran àlejò lọ́wọ́ ni owó. Ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 1973 gan-an ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni àlejò láti gbogbo Áfíríkà ń bi wá pé èló ni èyí, èló ni tọ̀hún. Àwa fúnra wa ń fi ìka ṣírò: pọ́n-ùn kan jẹ́ náírà méjì, ṣílè kan jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì jẹ́ kọ́bọ̀ márùn-ún. Tọ́rọ́ ńkọ́? Kọ́bọ̀ méjì àbọ̀! Wọ́n tiẹ̀ ṣe ẹyọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ jáde. Ohun tó tún da ọ̀rọ̀ rú ni pé kọ́bọ̀ ti wà lẹ́nu wa kí ìjọba tó mú un: pẹ́nì là ń pè ní kọ́bọ̀ láyé Gẹ̀ẹ́sì. Méjìlá irú ìyẹn ló wà nínú ṣílè, kọ́bọ̀ tuntun sì jẹ́ mẹ́wàá. Tí ìyá ọlọ́sàn bá wá ní "kọ́bọ̀ kan," kọ́bọ̀ wo nínú méjèèjì?

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, Faransé díẹ̀ sì wà lẹ́nu mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú mi lọ. Wọ́n fún wa ní aṣọ pélébé tí a so mọ́ apá, oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀. Wọ́n ní ká dúró sẹ́nu ọ̀nà kan, ká máa fi ìjókòó han àwọn tó ń sọ Faransé.

Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: ẹ̀yìn la kọ sí pápá. Ojú òǹwòran là ń wò. Filbert Bayi, ọmọ Tanzania, fi Kip Keino sílẹ̀ sẹ́yìn nínú eré 1500 mítà, Keino tó gba wúrà eré kan náà ní Mẹ́síkò ní 1968. Mo wà níbẹ̀, etí ni mo fi wò ó. Modúpẹ́ Oṣìkọ̀yà gba wúrà mẹ́ta fún wa, nínú fífò sókè, fífò jìnnà, àti eré 100 mítà tí wọ́n ń sá fo igi. Ariwo ni mo gbọ́. Nígbà tí Nàìjíríà na Guinea ní 2–0 nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù, omijé ojú ọkùnrin kan tó jókòó níwájú mi ni mo fi mọ̀ pé ìkejì ti wọ àwọ̀n. Síbẹ̀, inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ṣì ń dùn mọ́ mi títí dòní.

Ní ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan dé pẹ̀lú àwọn kan tó ń sọ Faransé. Mo kí i ní Faransé. Ó mi orí. Ó fẹ́ ra ọsàn lọ́wọ́ ìyá kan nítòsí ẹnu ọ̀nà, ìyá ní sísì. Mo sáré dá sí i, mo ń fi Faransé ṣàlàyé pé kọ́bọ̀ márùn-ún ni. Bàbá wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ mi, sísì tí ìyá yìí wí ti yé mi. Ìwọ ni n ò gbọ́ ohun tí ò ń wí."

Ará Kétu ni. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ló fi Kétu sí òdìkejì. Tí ẹ bá sì wo máàpù, Kétu sún mọ́ Ìgbò-Ọrà ju bí Èkó ṣe sún mọ́ ọn lọ. Ojú tì mí. Bàbá bó ọsàn kan fún mi, ó wá bi mí pé, "Ta ló bẹ̀ yín lọ́wẹ̀?" Mo ní ìjọba ni. Ó ní, "Tó bá kan tiyín, ṣé ìjọba náà á wá?"

Ìbéèrè àgbẹ̀ ni. Fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá a, ẹ jẹ́ kí n là á. Nínú àáró, àwọn mélòó kan tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ á máa ṣiṣẹ́ fún ara wọn ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, yípo. Bí o bá ṣe tèmi lónìí, mo jẹ ọ́ ní ọjọ́ kan gbáko. Ọ̀wẹ̀ tóbi ju ìyẹn lọ: ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá, tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀, á bẹ ará àti ọ̀rẹ́, á sì fún wọn lóúnjẹ. N. A. Fadipe ti kọ nípa méjèèjì nínú iṣẹ́ tó ṣe ní 1939, tí Ibadan University Press tẹ̀ jáde ní 1970. Nínú méjèèjì, a mọ ẹni tó bẹ̀ wá, a sì mọ ilé rẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Ìgbà ọyẹ́ ni ìgbà ilé mímọ ní Ìbàràpá, nítorí ògiri á tètè gbẹ. Àwa mẹ́fà la jọ wà nínú àáró. Ní oṣù kejìlá 1972, àwọn márùn-ún yòókù pò amọ̀, wọ́n sì mọ ògiri yàrá méjì pẹ̀lú mi ní ilé wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ó kàn mí láti lọ san án, ọjọ́ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo kọ̀wé sílé pé iṣẹ́ ìwé dá mi dúró. Èkó ni mo gbà lọ.

Nígbà tí mo délé, mo bá bàbá mi lórí ẹní, ó ń fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun ló lọ dípò mi. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi bá àwọn ọmọ tó bí i lọ́mọ tẹ amọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi. Mo jẹ́wọ́ ibi tí mo lọ. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó fipá mú mi, mo yọ̀ǹda ara mi ni. Bàbá ò bínú. Ó ní, "Ìwọ kọ́. Èmi ni mo yọ̀ǹda rẹ. Mi ò kàn mọ̀ ni."

Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ìjọba ológun fi òfin dá NYSC sílẹ̀. Yorùbá ò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àbòsí: a ní àgùnbánirọ̀ ń sìnrú ìlú, ẹnikẹ́ni ò sọ pé ó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ó hàn gbangba pé ìlú ló pè é. Ti ìdíje àgbáyé ló ń bo ojú. Fún Òlíḿpíìkì London ní 2012, nǹkan bí 240,000 ènìyàn ló kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ṣèrànwọ́. 70,000 ni wọ́n mú. Wọ́n fún wọn ní aṣọ, oúnjẹ ẹnu iṣẹ́ àti owó ọkọ̀, kálukú sì wá ibi tí yóò sùn. A máa ń ka àwọn 70,000, a sì máa ń yìn wọ́n, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gba ọmọ wọn tọ́jú, ẹnì kan wà lẹ́nu iṣẹ́ dípò wọn, ẹnì kan jókòó ti ìyá tó ń ṣàìsàn. Ìtàn ìdíje kankan ò ka àwọn yẹn.

Mi ò sọ pé kí ọmọ Èrúwà yẹn má lọ o. Kó lọ! Èmi náà á tún lọ. Ohun tí mo kọ sí i ni pé kó fi olùyọ̀ǹda-ara-ẹni sílẹ̀ ná, kó pe ìyá rẹ̀ padà, kó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda mi." Kó sì béèrè ohun tó máa fẹ́ ẹni tí yóò ṣe é nílé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn.

Ní tèmi, mo padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi karùn-ún, ẹni tí ẹ̀yìn bàbá mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti parí ògiri ilé wọn. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti ń gba owó oṣù, mo fún un lówó. Ó dá a padà. Ó ní àáró kì í gba owó, kí n dúró dìgbà tí òun bá tún ń kọ́lé. Kò tún kọ́lé mọ́ kó tó lọ. Ọjọ́ kan yẹn ṣì wà lọ́rùn mi.