Ogún àti ìpín

"Kóòtù ti pín ogún fún tọkọtaya tó kọ ara wọn sílẹ̀." Ó dára, ta ló kú?

Ohun tí òkú fi sílẹ̀ fún àwọn ẹbí rẹ̀ là ń pè ní ogún: ilé, oko, owó, àní gbèsè pàápàá. Inú rẹ̀ la ti rí jogún, ìyẹn jẹ ogún, àti àjogúnbá. Ìdí-igi àti orí-ò-jorí tí Yorùbá fi ń pín in, ọ̀rọ̀ olóògbé ni méjèèjì. Ogún tí a fi ń ka 20 kò bá a tan, bí ohùn wọn tilẹ̀ bára mu.

Dúkìá ni àwọn tó ń túká ń pín, èyí tó bá sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ìpín rẹ̀: ì- àti pín. Ìpín tún lè jẹ́ àyànmọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ kò lágbára lórí ìyẹn.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí: "Nínú dúkìá tí adájọ́ pín, ilé tí wọ́n jọ kọ́ ni ìpín ìyàwó."

Ní Nàìjíríà, abala 72 nínú òfin ìgbéyàwó ọdún 1970 gba ilé ẹjọ́ láàyè láti pín dúkìá àwọn tó ṣe ìgbéyàwó alárédè bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Kò sọ pé dandan ni ìdajì-ìdajì.

Ẹ̀yin akọ̀ròyìn wa, bí tọkọtaya bá wà láàyè, ẹ jọ̀wọ́, "pín dúkìá" ni kí ẹ kọ.