Bí Yunifásítì Kan ní Atlanta Ṣe Bi Àkọsílẹ̀ Rẹ̀ Léèrè Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Yunifásítì kì í ṣe ọmọdé. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní àkọsílẹ̀ nǹkan gbogbo: máàkì ìdánwò, owó ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, ọjọ́ tí ó jáde, àti orúkọ ẹni tí ó wọlé ṣùgbọ́n tí kò gba oyè kankan jáde. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì lágbàáyé, ńṣe ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sùn nínú àpótí. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá nílò ìwé èsì rẹ̀ ni wọ́n máa ń jí i. Yunifásítì Georgia State, ní ìlú Atlanta ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí ó yàtọ̀ sí èyí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ibi tí ó ti ń kọsẹ̀, ó sì tún ẹsẹ̀ gbé.

Kì í ṣe yunifásítì ni ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1958, Hans Peter Luhn, tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ IBM ṣiṣẹ́, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ohun tí ó pè ní business intelligence. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni ètò tí yóò máa kó ìròyìn jọ, tí yóò máa ṣà á, tí yóò sì fi èyí tí ó yẹ ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò lò ó láti ṣe ìpinnu. Àwọn oníṣòwò ńlá tètè rí èrè inú rẹ̀: ilé ìtajà fẹ́ mọ ọjà tí ń yá, ilé ìfowópamọ́ fẹ́ mọ ẹni tí yóò san gbèsè. Ó pẹ́ kí àwọn yunifásítì tó bi ara wọn pé, àwa ńkọ́, kí ni a fẹ́ mọ̀?

Ní ọdún 1913 ni Georgia State bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ìmọ̀ ìṣòwò lábẹ́ Georgia Tech. Àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ó wà fún. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú wá béèrè àyè ní 1956, ìwé ni wọ́n fi dí wọn lọ́nà. Wọ́n ní olùbẹ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé ìjẹ́rìí wá láti ọwọ́ àwọn tí ó ti kàwé jáde níbẹ̀. Aláwọ̀ funfun sì ni gbogbo àwọn tí ó ti jáde. Níbo ni aláwọ̀ dúdú yóò ti rí ẹni tí yóò bá a fọwọ́ sí i? Obìnrin mẹ́ta, Barbara Hunt, Iris Mae Welch àti Myra Dinsmore, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1959, adájọ́ Boyd Sloan dá wọn láre. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Georgia tún yára ṣe òfin mìíràn tí ó fi ọjọ́ orí ṣe odi, àwọn obìnrin mẹ́ta náà kò sì rí ọ̀nà wọlé. Ó di ọdún 1962 kí Annette Lucille Hall tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tí ó fi máa di ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu, ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ tálákà sì ti kún inú ọgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn wọlé, ọ̀tọ̀ ni kí ó gba oyè jáde. Ní ọdún 2003, nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọlé, 32 péré ni ó ń gba oyè láàárín ọdún mẹ́fà. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú àti ti àwọn tí ìdílé wọn ti ilẹ̀ Latin Amẹ́ríkà wá tún kéré sí èyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kúrò láìgboyè ni ó gbé gbèsè owó ìwé lọ sílé. Wọn kò rí ìwé ẹ̀rí gbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó yá wọn lówó kò gbàgbé wọn.

Àlàyé tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Wọ́n á ní àwọn ọmọ náà kò gbáradì, wọ́n á ní ilé ẹ̀kọ́ girama wọn kò dára, wọ́n á ní òṣì ló fà á. Timothy Renick, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àṣeyọrí akẹ́kọ̀ọ́ lé lọ́wọ́, yí ìbéèrè náà padà. Bí ó bá jẹ́ pé yunifásítì gan-an ni ìṣòro ńkọ́?

Láti mọ ìdáhùn, wọ́n tú àpótí àkọsílẹ̀. Ìwé ọdún mẹ́wàá ni wọ́n yẹ̀ wò: máàkì bíi mílíọ̀nù 2.5, láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tó 140,000. Wọ́n ń wá ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yẹ̀ kí ẹni náà tó ṣubú pátápátá. Irú àmì ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 800. Àpẹẹrẹ kan nìyí láti inú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òṣèlú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba A tàbí B nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka náà, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin irú wọn ni yóò gba oyè lásìkò. Ẹni tí ó bá gba C, bíi ẹnì kan péré nínú mẹ́rin ni. Bẹ́ẹ̀ C kì í ṣe ìfìdírẹmi. Ẹni tí ó gbà á ti yege, kò sì sí ẹni tí í pè é láti bi í pé kí ló dé. Àkọsílẹ̀ ti ń pariwo fún ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹni tí ó gbọ́.

Ní ọdún 2012, wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ tí ń wo àwọn àmì wọ̀nyí lójoojúmọ́. Bí ọ̀kan bá tàn, olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ yóò pe akẹ́kọ̀ọ́ náà kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ṣáájú àkókò yẹn, olùdámọ̀ràn kan ń bójú tó ju 700 akẹ́kọ̀ọ́ lọ, kò sì sí bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lè mọ ọmọ kan lójú. Yunifásítì náà gba olùdámọ̀ràn tuntun 42, títí ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sún mọ́ 300. Kọ̀ǹpútà ló ń rí àmì, ènìyàn ló ń pe ènìyàn.

Àkọsílẹ̀ owó náà ní ohun tí ó ń sọ. Lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe dáadáa ni wọ́n ń yọ kúrò nínú kíláàsì nítorí gbèsè kékeré, nígbà tí oyè ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti ọdún 2011, yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú wọn ní ẹ̀bùn owó kékeré, bíi 900 dọ́là ní ìpíndọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í béèrè. Àkọsílẹ̀ ni ó ń fi hàn, ilé ẹ̀kọ́ sì ń wá a lọ. Ní ọdún 2016, wọ́n tún fi ẹ̀rọ kan tí ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù, tí wọ́n ń pè ní Pounce, kún un, fún àwọn tí ó ti rí àyè gbà ṣùgbọ́n tí fọ́ọ̀mù àti ìwé ìrànwọ́ owó ń dà láàmú kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2014, 32 ti di 54 nínú 100. Aláwọ̀ dúdú ń gba oyè bíi ti aláwọ̀ funfun, ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó fi ìwé lé àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn sẹ́yìn ní 1956.

Bí iṣẹ́ náà kò ṣe kú ni ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí jù, nítorí ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ni í kú pẹ̀lú ọ̀gá tí ó gbé e kalẹ̀. Nínú ètò ọlọ́dún gígùn tí yunifásítì náà gbé jáde ní 2011, lábẹ́ Mark Becker, àṣeyọrí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ṣe àfojúsùn àkọ́kọ́. Wọ́n tún ṣírò èrè rẹ̀: bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ kò bá fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, bíi mílíọ̀nù 3 dọ́là ni ó ń padà wọlé lọ́dún. Iṣẹ́ tí ń bọ́ ara rẹ̀ kò rọrùn láti pa.

Ṣùgbọ́n àdá tí a fi ń roko náà ni a lè fi ṣá ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Mount St. Mary's, ní ìpínlẹ̀ Maryland, tú àṣírí ètò kan. Wọ́n pín ìwé ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, èrò ọ̀gá àgbà sì ni láti tètè mọ àwọn tí kò ní pẹ́ rọ, kí wọ́n rọ̀ wọ́n kúrò kí ọjọ́ ìkànìyàn tó pé, kí ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ lè dára lójú ayé. Àríwísí pọ̀, ọ̀gá àgbà náà sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ kí oṣù kejì tó parí. Ní ọdún 2021, ìwé ìròyìn The Markup ṣàfihàn pé ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn yunifásítì ńlá kan ń lò ń ka ẹ̀yà akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ohun tí ó fi ń mọ ẹni tí ó lè kùnà. Ní àwọn ibì kan, aláwọ̀ dúdú ń gba àmì ewu títí dé bíi ìlọ́po mẹ́rin ti aláwọ̀ funfun. Ìbéèrè tí a bá bi àkọsílẹ̀ ni ó ń pinnu bóyá a ó fi gba ọmọ là tàbí a ó fi lé e lọ.

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Ní ọdún 1959 ni ìjọba gbé Ìgbìmọ̀ Ashby dìde. Kenneth Dike, Shettima Kashim àti Sanya Onabamiro wà lára wọn. Frederick Harbison ṣe ìṣirò iye ọ̀mọ̀wé tí orílẹ̀-èdè yóò nílò, orí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà dúró lé ní 1960. Àjọ NUC dé ní 1962, JAMB sì dé ní 1978. Láti ìgbà náà, àkọsílẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Gbogbo ọdún ni ìròyìn ń kéde iye tí ó jókòó ṣe ìdánwò JAMB àti iye tí ó rí àyè gbà. Ìbéèrè tí ó ṣọ̀wọ́n ni èyí: nínú àwọn tí ó wọlé, ta ni kò jáde, ní ìpele wo ni ó ti sọnù, èló ni ó sì jẹ?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kò pọn dandan kí yunifásítì kan ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ ra ẹ̀rọ olówó ńlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Máàkì ọdún mẹ́wàá wà nílẹ̀, ìwé owó sì wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n, tí yóò sì gbé fóònù pe ọmọ tí àmì rẹ̀ tàn, ni wọ́n ń dúró dè.