Fọ́tò yíyà lábẹ́ omi

Fọ́tò yíyà lábẹ́ omi ni fífi kámẹ́rà ya àwòrán ohun tí ó wà nínú òkun, ọ̀sà tàbí odò. William Thompson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a gbà pé ó kọ́kọ́ ṣe é, nígbà tí ó sọ kámẹ́rà kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi ní Weymouth lọ́dún 1856. Ní 1893, Louis Boutan, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà wọ inú òkun fúnra rẹ̀ ní Banyuls-sur-Mer.

Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀

Omi a máa gba àwọ̀ lára ìmọ́lẹ̀. Pupa ni ó kọ́kọ́ ń lọ: kí ènìyàn tó jìn dé mítà 10, ẹja pupa a ti dàbí eléérú. Ìdí nìyí tí ayàwòrán fi ń gbé iná dání. Ohun tí a bá sì wò láti ẹ̀yìn dígí pẹlẹbẹ a máa dàbí ẹni pé ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin súnmọ́ni ju bí ó ti rí lọ.

Ní omi Èkó

Ọ̀sà Àgbádárìgì, tí ó gba iwájú ìlú Ọ̀jọ́ kọjá, kì í ṣe omi tí ojú ń ríran jìnnà nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn wà nínú rẹ̀, ó sì ń burú sí i nígbà òjò. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń wá iná tí ó mọ́lẹ̀ jù. Bí iná bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, yóò bọ́ sára ẹrẹ̀, yóò sì padà wá bí àmì funfun wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bí iná mọ́tò nínú kùrukùru ọyẹ́. Kí a gbé iná sápá kan, kí a fi lẹ́ńsì tí ó gba ibi fífẹ̀ súnmọ́ ohun náà pẹ́kípẹ́kí: ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Adágún ìwẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ nínú omi yóò fi ẹsẹ̀ ru ẹrẹ̀ sókè. Irun kan ṣoṣo lórí rọ́bà ìdérí tó láti jẹ́ kí omi wọ inú àpótí kámẹ́rà. Nítorí náà a máa ń kọ́kọ́ ri àpótí náà lófìfo. Ẹni tí ó ń mí afẹ́fẹ́ inú ìgò kò gbọdọ̀ sé èémí nígbà tí ó bá ń gòkè, nítorí afẹ́fẹ́ náà yóò fẹ̀, ó sì lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya.

Jascon-4

Èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú àwòrán abẹ́ omi láti Nàìjíríà kì í ṣe ti ẹja. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé nínú òkun nítòsí Escravos, ní Ìpínlẹ̀ Delta, ó sì rì sí nǹkan bí mítà 30. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá wá; kámẹ́rà wà lára àṣíborí wọn, ẹni tí ń darí wọn sì ń wo àwòrán náà lókè. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 60, ọwọ́ kan yọ nínú omi dídàrú náà. Wọ́n rò pé ti òkú ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà di òmùwẹ̀ mú. Harrison Okene ni, alásè ọkọ̀ náà, tí ó ń mí afẹ́fẹ́ tí ó há sínú yàrá kan. Òun nìkan ni ó yè. Fídíò náà tàn ká ayé ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Okene fúnra rẹ̀ padà kọ́ṣẹ́ òmùwẹ̀, ó sì gba ìwé ẹ̀rí.