Pápákọ̀ Òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà: Bodè Tí Ọ̀pọ̀ Ọmọ Wa Ń Gbà Lọ sí Òkè Òkun

Bí òbí kan ní Makutu bá fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ ní ìlú Atlanta, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kò sí pápákọ̀ kan ní gbogbo ilẹ̀ Okun tí ó ti lè wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí òkè òkun. Àwọn kan a gba Kabba àti Lọ́kọ́jà lọ sí Àbújá. Àwọn mìíràn a gba Ẹgbẹ àti Òmù-Àrán bọ́ sí Ìlọrin, wọn a sì máa bá ọ̀nà lọ títí wọn yóò fi dé Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní ìdálẹ̀ ni ó jẹ́ pé pápákọ̀ Ìkẹjà ni wọ́n gbà jáde, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí àwọn òǹkàwé wa mọ ìtàn pápákọ̀ yìí, bí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí ó yẹ kí arìnrìn-àjò ṣọ́ra fún níbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Nígbà tí Tommy Titcombe, ajíyìnrere ará Kánádà, dé Ẹgbẹ ní ọdún 1908, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé e dé èbúté. Kò sí ọ̀nà mìíràn nígbà náà. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni a kọ́kọ́ ṣe pápákọ̀ òfurufú sí Ìkẹjà. Bí àwọn èrò ti ń pọ̀ sí i lẹ́yìn òmìnira, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé èrò ńlá tuntun ní ọdún 1972. Pápákọ̀ Schiphol ní ìlú Amsterdam ni wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí nígbà tí àwọn ológun tí wọ́n dìtẹ̀ láti gbàjọba pa olórí orílẹ̀-èdè, Ọ̀gágun Murtala Muhammed, ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Orúkọ rẹ̀ ni a sì fi pe pápákọ̀ náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1979 ni wọ́n ṣí i. Lẹ́tà mẹ́ta tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n ni LOS. Òun ni ẹ ó rí lára ìwé pélébé tí wọ́n ń so mọ́ ẹrù ẹni tí ó ń bọ̀ wá sí Èkó, bí ATL ti jẹ́ ti Atlanta.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Àjọ tí ń bójú tó pápákọ̀ òfurufú ti ìjọba àpapọ̀, FAAN, ni ó ń ṣàkóso rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sá lé kí ó tó gbéra jẹ́ méjì níbẹ̀. Èyí tí ó gùn jù jẹ́ 3,900 mítà, èkejì jẹ́ 2,743 mítà. Ó ní ìdí tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gùn. Ọkọ̀ tí yóò fò ju wákàtí mẹ́wàá lọ láìdúró gbọ́dọ̀ gbé epo púpọ̀, epo náà sì wúwo. Lẹ́yìn èyí, atẹ́gùn a máa fúyẹ́ nígbà tí oòrùn bá mú, kì í sì gbé ìyẹ́ ọkọ̀ bí atẹ́gùn tútù. Ọkọ̀ a sì ní láti sáré jìnnà kí ó tó lè fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ilé èrò tí ó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ohun tí ó sì ń da ọ̀pọ̀ àlejò rú nìyí. Ibi tí ọkọ̀ abẹ́lé ń bà sí yàtọ̀ sí ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ òfurufú láti Àbújá tàbí Ìlọrin ní láti tún wọ mọ́tò kí ó tó dé ilé èrò kejì, kí ó sì fi àkókò tí ó tó sílẹ̀ fún un. Iná jó ilé èrò abẹ́lé àtijọ́ ní ọdún 2000. Iléeṣẹ́ Bi-Courtney ni ó kọ́ èyí tí à ń pè ní MMA2 rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2007. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé èrò òkè òkun tuntun tí iléeṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà kọ́, èyí tí wọ́n ṣe kí ó lè gba èrò mílíọ̀nù 14 lọ́dún. Ní oṣù keje ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àtúnkọ́ ilé ti ọdún 1979.

Nígbà tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́

Ilé rere nìkan kọ́ ni í mú kí bodè dára. Láyé àtijọ́, oníbodè ni ó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ìlú. Bí oníbodè bá sùn, odi kò ní ìwúlò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí pápákọ̀ Ìkẹjà nìyẹn. Láàárín ọdún 1980 sí 1999, rìbá, jìbìtì àti olè jíjà gba ibẹ̀ kan. Àwọn ọlọ́ṣà tilẹ̀ ń dá ọkọ̀ òfurufú dúró lórí ilẹ̀ pápákọ̀ kí ó tó dé ibi ìdúró rẹ̀, tí wọ́n ń jí ẹrù inú rẹ̀ kó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọkọ̀ tí ń fò tààrà láàárín Èkó àti ilẹ̀ wọn dúró. Wọ́n sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ àwọn pápákọ̀ wọn pé ààbò ti Èkó kò kún ojú òṣùwọ̀n. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà ní láti kọ́kọ́ yà sí Yúróòpù tàbí ibòmíràn. Owó ọkọ̀ àti físà ibi tí a óò yà tún di ẹrù lé ẹrù. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kú nílé kì í tètè débẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá dé ní ọdún 1999, a fi àwọn agbófinró ṣọ́ inú àti ìta pápákọ̀ náà, ìdènà yẹn sì ká kúrò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2007, iléeṣẹ́ Delta bẹ̀rẹ̀ sí fò tààrà láàárín Èkó àti Atlanta, ìrìn-àjò bíi wákàtí mọ́kànlá sí méjìlá. Pápákọ̀ Hartsfield-Jackson tí ó ń bà sí ní Atlanta ni èrò pọ̀ sí jù lọ láyé. Èrò tí ó gbà á kọjá ní ọdún 2024 lé ní mílíọ̀nù 108. Ní ọdún 2021, iléeṣẹ́ United náà bẹ̀rẹ̀ sí fò láti Washington wá sí Èkó.

Síbẹ̀, ìṣọ́ kò ní òpin. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan wọ ọkọ̀ ní Ìkẹjà, ó sì gba Amsterdam kọjá lọ sí Detroit. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, ó gbìyànjú láti fi àdó olóró tí ó fi pamọ́ sínú aṣọ rẹ̀ fọ́ ọkọ̀ náà. Ọlọ́run yọ àwọn èrò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, Amẹ́ríkà fi orúkọ Nàìjíríà sára orílẹ̀-èdè 14 tí wọn yóò máa yẹ àwọn èrò wọn wò lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Àṣìṣe ẹnì kan ti di ti gbogbo wa.

Àìsàn náà a máa gba bodè wọlé. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wá sí Èkó láti Làìbéríà, ó sì dá kú ní pápákọ̀ náà. Olóògbé Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jáde nílé ìwòsàn, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ìlera tọpasẹ̀ gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn náà, bẹ̀rẹ̀ láti pápákọ̀.

Ohun tí ó kan arìnrìn-àjò

Ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Àwọn ohun wọ̀nyí ni a ń rọ àwọn ènìyàn wa láti mú lò:

1. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò tú wò, ìbá à ṣe ti ìbátan tàbí ti ará ìjọ. Àjọ NDLEA ń yẹ ẹrù wò. Ẹni tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò mú.

2. Ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ ẹrù yín, ẹ kà á, kí ẹ sì pa ìdajì rẹ̀ mọ́. Ní ìparí ọdún 2018, ní pápákọ̀ Kánò, wọ́n fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sára àpò tí kì í ṣe tirẹ̀, oògùn sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé ní Saudi Arabia títí di ìparí oṣù kẹrin ọdún 2019, kí wọ́n tó mọ̀ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

3. Ẹ má ṣe di ẹran ìgbẹ́ tàbí ẹran gbígbẹ lọ fún àwọn ọmọ ní Amẹ́ríkà. Òfin wọn kò gbà á. Oúnjẹ yòówù tí ẹ bá gbé, ẹ sọ ọ́ fún àwọn aṣọ́bodè wọn.

4. Bí owó ọwọ́ yín bá ju 10,000 dọ́là lọ, ẹ kéde rẹ̀ fún àwọn aṣọ́bodè ní ìhà méjèèjì.

5. Ẹ dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, ṣáájú àkókò ọkọ̀. Ẹni tí ń bọ̀ láti Makutu kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ ìrìn-àjò kúrò nílé. Ó sàn kí ó sun Èkó.

6. Bí òṣìṣẹ́ kan bá béèrè owó tí kò ní rìsíìtì, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ìwé rẹ̀. Rìbá ni ó kọ́kọ́ ba bodè yìí jẹ́. Ẹni tí ó gbà á àti ẹni tí ó fún un ni wọ́n jọ bà á jẹ́.

Ó gba pápákọ̀ Ìkẹjà ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí orúkọ rẹ̀ gbà padà. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ àti ti àwa tí à ń gbà á kọjá ni pípa á mọ́ wà.